Ẹ Wo Odò Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi bá délẹ̀ láàárín wa, ẹ́ńjìnì ni olúkúlùkù kọ́kọ́ ń béèrè. Agbára ẹṣin mélòó ni? Ilẹ̀ wo ni wọ́n ti ṣe é? Eré rẹ̀ ti tó? Bí ẹni tí ń tà á bá ti dáhùn ìwọ̀nyí, tí ẹni tí ń rà á sì ti fi ọwọ́ pa ọ̀dà tí ń dán lára ọkọ̀ náà, ọjà ti parí nìyẹn. Abẹ́ ọkọ̀, èyí tí yóò máa fojú kan omi, yanrìn àti òkúta ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ abẹ́ yìí ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ àwọn tí owó ìlú wà ní ìkáwọ́ wọn tí wọ́n sì ń rò láti ra ọkọ̀ kékeré tí a ó fi máa gba ẹ̀mí là tàbí tí a ó fi máa gbé nọ́ọ̀sì àti oògùn lọ sí abúlé etí odò.

Odò tí a ń wí kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe ọ̀sà Èkó. Odò tí kò jìn ni: irú Ògùn ní òkè Abẹ́òkúta, irú Ọ̀ṣun, irú Ọya ní ìsàlẹ̀ Jẹ́bà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí òkìtì yanrìn ti máa ń yọ sókè láàárín omi, tí ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà kọjá ní èṣí lè má sí níbẹ̀ mọ́ ní ọdún yìí. Irú rẹ̀ mìíràn sì ni omi tí ó kún bo ilé. Nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí ìsédò Ọyán, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1983, sì ń tú omi sílẹ̀, omi a máa gba ojú títì ní Ìṣẹrí àti agbègbè rẹ̀. Omi náà a mu ènìyàn dé orúnkún níhìn-ín, a sì mu ún dé àyà lọ́hùn-ún. Odi ọgbà, òpó àti wáyà a wà lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kò ní rí wọn. Pùròpélà, èyíinì ni abẹ̀bẹ̀ onírin tí ń yí lábẹ́ omi ní ẹ̀yìn ọkọ̀, kò ní pẹ́ gbá kùkùté tàbí bíríkì ní irú ibẹ̀. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹni tí a wá gbà là wà nínú omi kan náà pẹ̀lú irin mímú yìí, tí ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ni ó kàn. A kò bá wọn jiyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé jẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni a ń rà. Ọkọ̀ tí a gbé e sí ni yóò sọ bóyá owó náà wúlò tàbí ó wọmi.

Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kò ní ohunkóhun tí ó rọ̀ sísàlẹ̀. Ihò kan wà ní abẹ́ rẹ̀, ní ìhà ẹ̀yìn; pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnì ń yí a máa fa omi gba ibẹ̀ wọlé, a sì máa fi ipá tú u jáde ní ẹnu tóóró kan lẹ́yìn ọkọ̀. Ipá tí omi fi jáde sẹ́yìn ni ó ń ti ọkọ̀ síwájú, gẹ́gẹ́ bí róbà tí ọmọdé fẹ́ kún, tí ó sì jọ̀wọ́ ẹnu rẹ̀, ti í fò kiri inú yàrá. Bí awakọ̀ bá yí ẹnu náà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìdí ọkọ̀ a yí; bí ó bá sì fẹ́ padà sẹ́yìn, ìdérí kan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹnu náà tí yóò darí omi síwájú.

Ẹni tí ó sọ iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò ni William Hamilton, olùsìn àgùntàn àti onímọ̀ ẹ̀rọ ará New Zealand, tí a bí ní ọdún 1899, tí ó sì kú ní ọdún 1978. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú kan fífi pọ́ǹpù ti ọkọ̀; àwọn mìíràn ti dán an wò ṣáájú rẹ̀, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan ni ó sì ti rí àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ń gbé kò jẹ́ kí ó sinmi. Àwọn odò ìhà ibẹ̀, bíi Waitaki àti Rakaia, ń ti inú òkè tí yìnyín bò ṣàn wá, wọ́n sì ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ lórí òkúta wẹ́wẹ́, tí ẹ̀ka kan yóò ya, tí òmíràn yóò pàdé rẹ̀, bí irun tí a dì. Omi wọn yára, ó tutù, kò sì jìn. Kò sí pùròpélà tí ó lè pẹ́ níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1953 sí 1954, nínú ilé iṣẹ́ tí ó kọ́ sí oko rẹ̀ ní Irishman Creek, Hamilton gbé pọ́ǹpù sínú ọkọ̀ kékeré kan. Ní àkọ́kọ́, ó jẹ́ kí ẹnu tí omi ń gbà jáde wà ní abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sáré. Nígbà tí ó gbé ẹnu náà sókè kúrò nínú omi, tí omi wá ń tú jáde sínú afẹ́fẹ́, tí abẹ́ ọkọ̀ sì mọ́ láìsí ìdíwọ́ kankan, ìgbà náà ni ó tó rí ohun tí ó ń wá.

Ní ọdún 1960, ọmọ rẹ̀ Jon Hamilton wà lára àwọn tí wọ́n fi irú ọkọ̀ yìí gòkè odò Colorado ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n la àfonífojì ńlá tí à ń pè ní Grand Canyon kọjá ní ìdojúkọ ìṣàn omi, èyí tí ọkọ̀ kankan kò ṣe rí ṣáájú wọn. Ní ọdún 1977, Edmund Hillary, ẹni tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ dé ṣóńṣó orí òkè Everest, kó ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láti ẹnu òkun gòkè odò Ganges ní Íńdíà, títí ìṣàn omi láti orí àpáta fi dá wọn dúró. Irú ìròyìn báyìí ń ta ọjà púpọ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò rò pé kò sí ibi tí ọkọ̀ yìí kò lè dé. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé odò ni Hamilton kọ́kọ́ ní, kí ó tó wá ọkọ̀ tí ó bá a mu. Àwa tí a ń fi owó ra tiwa kò gbọdọ̀ gba ibi orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí a wá máa wá odò tí yóò gbà á. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ hàn. Ká ní ọkọ̀ kan gùn ní mítà 4 tí ó jókòó sínú omi, ó fẹ̀ ní mítà 1.6, ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, epo àti èrò sì jẹ́ kílò 1,000. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti àpótí, yóò rì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 16 nígbà tí ó bá dúró. Bí abẹ́ náà bá ṣe bí lẹ́tà V, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi dígírì 15 gòkè láti àárín, ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹrù kan náà yóò rì tó sẹ̀ǹtímítà 26. Sẹ̀ǹtímítà 10 tí ó wà láàárín méjèèjì kò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí ó dúró sí etíkun. Lójú ẹni tí ó wà lórí òkìtì yanrìn ní oṣù Kejì, òun ni ó yàtọ̀ sí kí ènìyàn délé àti kí ó sùn sínú odò. Ẹnikẹ́ni tí ìwúwo rẹ̀ bá tó kílò 64 tí ó tún gun ọkọ̀ náà, sẹ̀ǹtímítà kan ni ó fi kún rírì rẹ̀. Èrò mẹ́rin tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti jẹ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin nínú omi tí a ní.

Ẹnìkan yóò wí pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a kúkú ra abẹ́ pẹlẹbẹ kí ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pátápátá a máa yọ̀ bí ọṣẹ lórí àwo nígbà tí ó bá ń sáré: awakọ̀ yí i sí ọ̀tún, imú rẹ̀ kọ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí òkúta wà. Bí ìgbì kékeré bá sì dé, gbígbá ni omi ń gbá a ní abẹ́, tí ẹ̀yìn àwọn tí ó jókòó yóò máa ro wọ́n. Abẹ́ tí ó mú bí V ń di omi mú nígbà tí a bá ń ya kọ́nà, ó sì ń la ìgbì. Nítorí èyí ni àwọn tí ń kan ọkọ̀ odò fi sábà máa ń dúró sí àárín: bíi dígírì 10 sí 15 ní ìdí ọkọ̀, kí iwájú rẹ̀ sì mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ó ju dígírì 20 lọ, ti òkun ni; ó dára lórí ìgbì, a kò sì bẹnu àtẹ́ lù ú fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lójú ọ̀sà tàbí létí Àtìláńtíìkì. Kí a má ṣe gbé e gòkè odò Ògùn, kí a wá máa bú ẹ́ńjìnì.

Ohun kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ ketekete. Wọ́n a máa wí pé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ń kọjá nínú omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí 15 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń sáré ni, tí eré rẹ̀ ti gbé e gun orí omi, tí ó ń fò lórí rẹ̀ bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù. Bí awakọ̀ bá fòyà tí ó sì dín eré kù, ọkọ̀ yóò tún rì padà sí ìwọ̀n tí a ṣírò lókè yìí, yóò sì jókòó sórí yanrìn. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi tí ń tú jáde lẹ́yìn ni ó ń darí ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ká eré kúrò lójijì ti ká ìdarí kúrò pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ sí ibi tí ó kọjú sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọwọ́ wọn ń fẹ́ ká eré nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ yìí gbọdọ̀ kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tí ó lòdì sí ẹ̀rù, a kò sì lè kọ́ èyí ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹni tí ó ta ọkọ̀ fi wá bá wa ya àwòrán. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ náà. Bí omi bá ń wọ ihò tí ń fà á pẹ̀lú afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù yóò kàn máa pariwo ni, ọkọ̀ kò ní lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ibi tí ó wà níwájú ihò náà tẹ́, kí ó mọ́ gbòlòjò, kí omi lè dé ibẹ̀ láìfọ́. Àwọn ìlà gígùn tí ó yọ sábẹ́ ọkọ̀ púpọ̀, tí wọ́n fi ń gbé e sókè tí wọ́n sì fi ń mú kí ó dúró gírí, kò gbọdọ̀ gùn dé iwájú ihò yìí, nítorí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni wọ́n. A ti rí i pé ọkọ̀ tí a kàn fún pùròpélà, tí a wá gbẹ́ ihò sí láti sọ ọ́ di ti jẹ́ẹ̀tì, sábà máa ń ní àìsàn yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ná owó ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó ra ọkọ̀ tí a ti ìbẹ̀rẹ̀ kàn fún jẹ́ẹ̀tì. Èyí kan àwọn tí ń so jẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú. Ó rọrùn láti tún ṣe, a kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá agbára ẹ́ńjìnì náà ni ó ń ṣòfò, nítorí náà ọkọ̀ tí yóò gbé e gbọdọ̀ fúyẹ́ gan-an.

Ní ti ohun tí a fi kàn án, púláìwúùdù ni wọ́n lò ní ìbẹ̀rẹ̀, fáíbà tẹ̀ lé e, alumíníọ̀mù ni ó sì gba ipò lọ́wọ́ wọn lórí odò olókúta. Alumíníọ̀mù kì í ṣe aláìleèbàjẹ́. Ohun tí ó dára lára rẹ̀ ni pé bí ó bá kọlu òkúta, ó sábà máa ń tẹ̀ wọnú dípò kí ó fọ́, wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ alumíníọ̀mù sì lè tún un ṣe. A tẹnu mọ́ ọn pé tí ó mọ iṣẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí ẹni tí ń jó irin géètì kò lè ṣe é pẹ̀lú irinṣẹ́ géètì. Kí abẹ́ rẹ̀ nípọn tó mílímítà 4 sí 6. Ẹ̀gbẹ́ lè fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń fi ike líle kan bo abẹ́ pátápátá kí ọkọ̀ lè máa yọ́ kọjá lórí òkúta, ó sì wúlò, bí a bá lè san owó rẹ̀ tí a sì rántí pé òun náà ní ìwúwo.

Wàyí o, omi tiwa kì í ṣe ti Hamilton. Omi tirẹ̀ ń ṣàn lórí òkúta; tiwa kún fún yanrìn, ewéko àti ìtì igi. Yanrìn tí pọ́ǹpù bá fà mu ń jẹ abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ òrùka tí ó yí i ká, títí àyè yóò fi ṣí láàárín wọn tí agbára yóò sì máa jò lọ. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ láìra àwọn ẹ̀yà tí yóò fi pààrọ̀ ìwọ̀nyí ti ra ohun tí yóò gbé kalẹ̀ lábẹ́ igi. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò, tí a kọ́kọ́ rí ní odò ìhà Àgbádárìgì ní ọdún 1984 tí ó sì ti gba ojú omi wa kan láti ìgbà náà, tún burú fún jẹ́ẹ̀tì ju fún pùròpélà lọ: ó ń dí asẹ́ tí ó wà lẹ́nu ihò ìfami pa, ọkọ̀ á sì kú sójú kan. Nítorí náà ni ó fi ṣe pàtàkì pé kí ìdérí kan wà nínú ọkọ̀, lókè pọ́ǹpù, tí awakọ̀ lè ṣí láti fi ọwọ́ yọ ewé kúrò, kí ẹnu rẹ̀ sì ga ju ojú omi lọ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ̀lú ẹrù kíkún. Bí ẹnu náà bá wà nísàlẹ̀ ojú omi, ọjọ́ tí ó bá ṣí i láti yọ ewé ni ọkọ̀ yóò kún.

Ìtì igi ni ó ń bà wá lẹ́rù jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, lórí odò Ọya ní agbègbè Pategi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ onígi kan tí ó kó àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru kọlu ìtì igi lábẹ́ omi, ó sì fọ́. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. A kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ni ì bá gbà wọ́n là. Èrò inú ọkọ̀ náà pọ̀ jù, ilẹ̀ ti ṣú, kò sì sí abẹ́ ọkọ̀ kankan lábẹ́ ọ̀run tí ń wo àwọn méjèèjì yìí sàn. Ẹ̀kọ́ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí a bá rà gbọdọ̀ ní yàrá pípa, tàbí fóòmù tí a tì mọ́ ìhà inú rẹ̀, tí yóò mú un léfòó bí abẹ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ lu, kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Èyí kò hàn nínú àwòrán tí olùtajà ń fi ránṣẹ́. A gbọdọ̀ béèrè rẹ̀, kí a sì fi ojú rí i.

Ibi yìí ni a ti fẹ́ sọ ohun tí ó lè má dùn mọ́ àwọn olùtajà nínú. Apẹja, ìyá tí ń kó ẹja lọ sọ́jà, ọlọ́kọ̀ tí ń kó èrò láti Èpè sí àwọn abúlé etí ọ̀sà, kò sí ìdí tí wọn yóò fi wá jẹ́ẹ̀tì. Ẹrù wọn wúwo, wọn kì í sáré, jẹ́ẹ̀tì sì ń mu epo gan-an nígbà tí ọkọ̀ bá wúwo tí ó sì ń rọra lọ. Ọkọ̀ abẹ́ gbígbòòrò pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí a lè gbé ìdí rẹ̀ sókè nígbà tí omi bá fà ni ó tọ́ sí wọn, pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí jẹ́ẹ̀tì tọ́ sí ni àwọn tí wọ́n gbọdọ̀ yára, tí ẹrù wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì ń lọ sí ibi tí ènìyàn wà nínú omi tàbí tí omi kò tó nǹkan. Wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni tiwọn, owó tí a ó fi ra ọkọ̀ wọn sì jẹ́ owó gbogbo wa.

Nítorí náà a ké sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ etí odò, àti àjọ NIWA tí ọ̀rọ̀ odò abẹ́lé wà níkàáwọ́ rẹ̀, pé nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n má ṣe kọ agbára ẹṣin àti iye ìjókòó nìkan. Kí wọ́n kọ orúkọ odò náà sí i, àti bí omi rẹ̀ ti kéré tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n kọ ìdagẹ̀rẹ̀ abẹ́ ọkọ̀, bí páànù rẹ̀ ti nípọn tó, àti bí yóò ti rì tó nígbà tí ó bá dúró pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀. Kí wọ́n sì fi ìdajì owó náà pamọ́ títí di oṣù Kejì, kí a gbé ọkọ̀ náà lọ sí odò tí a rà á fún, kì í ṣe sí ọ̀sà níwájú ilé ìtura. Kí awakọ̀ tí yóò máa wà á jókòó sí ìdí rẹ̀, kí èrò pé sínú rẹ̀, kí ọkùnrin kan tí ó mọ odò náà láti kékeré sì jókòó sí iwájú. Kí wọ́n gòkè lọ, kí wọ́n dúró láàárín ọ̀nà, kí wọ́n ṣí ìdérí pọ́ǹpù, kí wọ́n sì tún gbéra láti ojú kan. Bí ó bá lọ tí ó sì bọ̀, kí a san owó tí ó kù.